Bí ẹ ṣe lè fi olú igbó pọn bíà tí kò ní dọbẹ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi olú pọn bíà, mo bu ife kan fún àbúrò kan tá a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Portland níbí. Ó gbé e sẹ́nu, ó dákẹ́, ó tún gbé e sẹ́nu, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé irú lẹ fi sí i ni?" Inú kọ́kọ́ bí mi. Ìgbà tí èmi náà mu ún, mo rí i pé ó kàn rọra sọ ọ́ ni. Bíà ọ̀hún ń rùn bí omi tí wọ́n rẹ pánla sí. Ìgò mẹ́sàn-án tó kù, inú síǹkì ni mo dà wọ́n sí.

Ohun tó fà á kò fara sin. Olú gbígbẹ ni mo rà, mo sè é pọ̀ mọ́ omi mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà báálì híhù, fún odindi wákàtí kan, mo tún wá da họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú kí bíà korò, lé e lórí bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi. Òórùn dídùn tó wà lára olú ti bá ooru gba ojú fèrèsé jáde. Adùn ọbẹ̀ nìkan ló jókòó sínú ìkòkò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tún un ṣe kó tó gún. Ohun tí mo rí dì mú nínú gbogbo rẹ̀ ni pé òórùn olú lẹ ń wá, ẹ má wá adùn rẹ̀. Adùn á wá fúnra rẹ̀, bẹ́ ò tiẹ̀ pè é. Òórùn ló ń sá.

Lítà mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi gálọ̀n kan, ni mo fi ṣe ìṣirò gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí. Bó bá bàjẹ́, kò ní dùn yín wọnú eegun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ tí Ààrẹ Carter fọwọ́ sí lọ́dún 1978, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1979, gbà kí àgbàlagbà pọn bíà nílé láìsan owó orí lé e: 100 gálọ̀n lọ́dún fún ilé tí àgbàlagbà kan ń gbé, 200 fún ilé tí wọ́n bá ti tó méjì sókè. Ẹ yẹ òfin ìpínlẹ̀ yín wò pẹ̀lú. Ẹ mu ún, ẹ fi ṣe àlejò, ṣùgbọ́n ẹ má ta á.

Bó ṣe ń rí nímú àti lẹ́nu

Chanterelle ni olú tí mò ń lò. Irú èyí tó ń hù lọ́dọ̀ wa níbí ni Cantharellus formosus, òun sì ni ìpínlẹ̀ Oregon mú ní olú ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 1999. Abẹ́ igi Douglas-fir ló fẹ́ràn jù. Tí òjò ìparí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kọkànlá, ẹ ó máa rí i láàárín ewé jíjẹrà, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ pupa ẹyin adìẹ ìbílẹ̀.

Ẹ já ẹyọ kan, ẹ gbé abẹ́ rẹ̀ sí imú. Òórùn èso ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń fi wé apricot. Ẹni tí kò bá mọ apricot, kó ro máńgòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, tí ẹnì kan ń la àgbálùmọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sè é tán tẹ́ ẹ jẹ ẹ́, ó máa ń ta díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n, bíi iyèré tí ọwọ́ ahun bù sọ́bẹ̀.

Nínú bíà, àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í dé pọ̀. Bí ìhó ṣe ń lọ sílẹ̀, òórùn èso ni imú kọ́kọ́ ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ti ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ kàn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e mì ni iyèré yẹn á tó jí lọ́nà ọ̀fun, ẹnu á sì kún ju bí bíà fífúyẹ́ ṣe máa ń kún un lọ. Bó bá dára, ẹni tí kò mọ̀ kò ní sọ pé olú ni. Á kàn máa bi yín léèrè pé èso wo lẹ fi sí i.

Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni pé òórùn méjì ló wà lára olú. Ọ̀kan ni ti èso yìí, èyí tí chanterelle fi yàtọ̀. Èkejì ni èyí tó wà lára olú gbogbo, tó ń jẹ́ kí olú máa rùn bí olú: àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè é ní 1-octen-3-ol. Díẹ̀ rẹ̀ dára, òun ló ń mú ilẹ̀ òjò wá. Tó bá pọ̀ jù, bàtà tí òjò pa ló ń dà. Ìyẹn nìkan kọ́. Glutamate wà nínú olú, ohun kan náà tó wà nínú àjínómótò tí àwọn ìyá wa ń bù sọ́bẹ̀. Ẹ ti wá rí ìdí tí àbúrò mi fi béèrè irú lọ́wọ́ mi. Bẹ́ ẹ bá se olú pẹ́ tàbí tẹ́ ẹ lo gbígbẹ, òórùn èso á ti lọ, glutamate ò ní í lọ síbì kankan. Bí chanterelle bá sì ti gbẹ, ó ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú òórùn rẹ̀, ó tún máa ń le bí awọ. Tútù ni kẹ́ ẹ lò.

Nítorí náà, bíà tó máa gbé olú gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Kó jẹ́ aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́, kí họ́ọ̀pù rẹ̀ kéré, kí yíìsì rẹ̀ má lóhùn púpọ̀. Stout, bíà dúdú, á gbé e mì. IPA, bíà tí họ́ọ̀pù pọ̀ nínú rẹ̀, á lù ú pa. Àwọn oníbíà Scratch Brewing tó wà ní Ava, Illinois, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, tí wọ́n sì gbajúmọ̀ fún fífi ewé, egbò àti èèpo igi inú igbó wọn pọntí, irú bíà oko ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ń pè ní bière de garde ni wọ́n fi gbé chanterelle tiwọn. Mọ́ọ̀tì ló ń ṣáájú nínú bíà bẹ́ẹ̀, họ́ọ̀pù kàn ń tẹ̀ lé e ni. Tèmi fúyẹ́ ju tiwọn lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Kẹ́ ẹ tó wọ igbó

Ẹ má bá fóònù yín wọ igbó lọ ká olú. Mo mọ̀ pé áàpù wà tó ń wo àwòrán sọ orúkọ olú. Èmi ò ní fi ẹ̀dọ̀ mi ta tẹ́tẹ́ lórí áàpù. Ọdún kìíní, ẹ rà á lọ́jà àwọn àgbẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá tó máa ń pọ̀. Ọdún kejì, ẹ tẹ̀ lé ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ sí igbó, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn alábòójútó igbó náà bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ.

Àmì tó yẹ kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n: ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ chanterelle kì í ṣe ewé tínínrín bíi ti ojú ìwé, àwọn ilà tó wú bí iṣan ọwọ́ àgbàlagbà ni, tí wọ́n ń pẹ̀ka, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ wọ ara ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ fà á ya lóòró: inú rẹ̀ funfun tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń ya fọ́nrán-fọ́nrán bí igẹ̀ adìẹ bíbọ̀. Ilẹ̀ ló ń hù lé, kì í hù lé igi.

Èyí tó ń jọ ọ́ tó sì ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ni jack-o'-lantern. Abẹ́ tirẹ̀ ní ewé gidi, tó mú bí abẹ fífárí. Ìdí igi tó ti kú tàbí gbòǹgbò tó fara sin lábẹ́ ilẹ̀ ló ń hù sí, wọ́n á sì ṣùpọ̀ sójú kan. Bẹ́ ẹ bá fà á ya, inú rẹ̀ pọ́n bí òde rẹ̀. Èébì tí í fà, ọ̀tá ẹni ni kó bì í. Èyí tó burú jùlọ ni death cap, Amanita phalloides, tí kò jọ chanterelle rárá, àmọ́ tó wà káàkiri etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí mo ti gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé ọtí ń pa oró olú. Irọ́ ni. Iná kì í pa oró olú yẹn, yíìsì kì í pa á, ọtí kì í pa á. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́.

Ọ̀kan tún wà tó kan àwa ọlọ́tí gan-an: inky cap, Coprinopsis atramentaria, olú eléérú tí orí rẹ̀ ń yọ́ di omi dúdú bíi yíǹkì. Ẹni tó bá sè é jẹ tí kò mutí, ó lè máa lọ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n coprine tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara palẹ̀ ọtí mọ́ bó ṣe yẹ. Ojú á pọ́n, àyà á máa lù kìkìkì, èébì á tẹ̀ lé e, kódà bó jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó jẹ olú náà ló tó mutí. Bí oògùn tí dókítà ń fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ fojú inú wo ẹni tó wá fi irú olú bẹ́ẹ̀ pọn bíà.

Ẹni tí kò bá jẹ chanterelle rí, kó sè é dáadáa, kó jẹ díẹ̀, kó dúró di ọjọ́ kejì kó tó mu ún nínú ohunkóhun. Mo sì ń sè gbogbo olú tó bá wọ bíà mi, ì báà jẹ́ èyí tó ń lọ sínú fódíkà. Olú tí wọn ò sè máa ń da ikùn rú.

Ohun tẹ́ ẹ máa kó jọ

Mọ́ọ̀tì oníyẹ̀fun aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́, gíráàmù 500. Ọkà báálì tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n fa adùn rẹ̀ jáde tí wọ́n sì gbẹ ẹ́ ni. Ọmọ ìyá ni òun àti àgbàdo híhù tí wọ́n fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.
Họ́ọ̀pù Hallertau tàbí Saaz, gíráàmù 6.
Chanterelle tútù, gíráàmù 200.
Fódíkà tí kò ní adùn kankan, mílílítà 100.
Yíìsì bíà gbígbẹ, ìdajì páálí oní-gíráàmù 11. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi ń ṣe bíà wíìtì àwọn ará Jámánì, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń gbé wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á sì bo olú mọ́lẹ̀.
Ṣúgà funfun díẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ń rọ ọ́ sí ìgò.

Ní ti ohun èlò: ìkòkò tó gba lítà mẹ́jọ ó kéré tán, gálọ̀n onígíláàsì kan, airlock, ìyẹn ìdérí olómi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde tí kò lè gbà wọlé, rọ́bà ìfàmi, tẹmómítà, sìríǹjì oní-mílílítà kan tí kò ní abẹ́rẹ́, ìwọ̀n kékeré, ìgò bíà àti ìdérí wọn, àti háídírómítà. Háídírómítà ni gíláàsì gbọọrọ tó ń léfòó nínú ọtí láti sọ bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe kù tó. Kò wọ́n, ẹ má sì sọ pé ẹ ò nílò rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fífọ olú

Ẹ má rẹ ẹ́ sómi. Ó ń mumi bíi kàn-ìn-kàn-ìn, gbogbo omi yẹn lẹ ó sì tún fi iná lé jáde, tòun tòórùn. Búrọ́ọ̀ṣì eyín tuntun ni mo fi ń gbá iyanrìn kúrò láàárín àwọn ilà abẹ́ rẹ̀. Ẹ gé ìdí tó ní erùpẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ fà á ya lóòró dípò kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gé e, nítorí ìgbà yẹn lẹ ó rí ìdin, bó bá ní. Ẹ ya gíráàmù 60 sọ́tọ̀ fún fódíkà. 140 tó kù, ti ìkòkò ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ti fódíkà

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń pọntí gan-an ni kẹ́ ẹ ṣe é, kí olú má dàgbà sí fíríìjì. Ẹ fi ooru se gíráàmù 60 náà nínú abọ́ kékeré tó wà nínú ìkòkò olómi, bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ dé e pa. Omi tó bá sun sínú abọ́ náà, ẹ má dà á nù, ibẹ̀ ni òórùn fara pa mọ́ sí. Nígbà tó bá tutù, ẹ da tolú-tomi sínú ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, ẹ da fódíkà lé e, ẹ dé e, ẹ gbé e sí fíríìjì. Ọjọ́ mẹ́rin tó. Lẹ́yìn náà, ẹ sẹ́ ẹ pẹ̀lú bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí. Ohun tẹ́ ẹ máa rí á pọ́n bí òróró ẹ̀gúsí, á sì máa ta sánsán.

Kí ló dé tí mo fi ń lo fódíkà? Nítorí òórùn èso yẹn ń yọ́ sínú ọtí ju bó ṣe ń yọ́ sínú omi lọ, ẹ sì lè wọn ọtí náà ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Olú tẹ́ ẹ ti jù sínú ìkòkò ò ṣe é yọ padà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ti páànù

Gíráàmù 140 yòókù lọ sínú páànù gbígbẹ lórí iná àárín. Kò sí òróró, kò sí bọ́tà, kò sí iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo pọn ọ́n, bọ́tà ni mo fi yan án torí ó dùn jẹ, bíà náà kò sì ní ìhó kankan: mo dà á sí ife, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi tíì. Ọ̀rá ni ọ̀tá ìhó bíà.

Ẹ ó gbọ́ bí olú ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú páànù. Á kọ́kọ́ dákẹ́, omi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ á di ṣìì-ṣìì. Nígbà tí omi bá ń tán, ohùn náà á gbẹ, á máa ta pá-pà-pá. Ẹ dúró níbẹ̀. Kí etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀ péré. Bó bá pọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíà á rùn bí ẹran yíyan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: sísè

Ẹ gbé omi lítà márùn-ún kaná. Lítà kan nínú rẹ̀ á bá ooru lọ. Nígbà tó bá gbóná, ẹ pa iná ná kẹ́ ẹ tó da ìyẹ̀fun mọ́ọ̀tì sí i, kó má baà dì sí ìdí ìkòkò kó jóná. Ẹ rò ó kó yọ́ tán, ẹ tan iná padà. Ẹ má kúrò nídìí ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ hó, nítorí ó ń ru sókè bí ẹ̀kọ, tó bá sì ru dà sórí sítóòfù, ẹ ó ha á títí di alẹ́.

Bó bá ti hó dáadáa, ẹ da họ́ọ̀pù sí i, kẹ́ ẹ sì ka wákàtí kan. Gíráàmù 6 yìí á dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú yín. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kíkorò díẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí mọ́ọ̀tì sú ènìyàn nìkan la fẹ́ kó bá wa ṣe.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ di olú páànù sínú àpò aṣọ tó mọ́, ẹ jù ú sínú ìkòkò. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, ẹ pa iná, ẹ dé ìkòkò, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn. Ẹ yọ àpò náà, ẹ fún un. Olú ìkòkò ló ń gbé ilẹ̀ òjò àti iyèré wá, ti fódíkà ló ń gbé èso. Nígbà tí mo ti ya iṣẹ́ àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ báyìí ni bíà mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ nǹkan.

Ẹ gbé ìkòkò náà sínú síǹkì tó kún fún omi àti yìnyín, kó tutù dé 20°C kíákíá. Láti ìsinsìnyí lọ, ohunkóhun tó bá máa kan omi náà gbọ́dọ̀ ti wẹ̀ nínú oògùn apakòkòrò tí àwọn apọntí ń lò. Kòkòrò àìrí ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: yíìsì

Ẹ sẹ́ omi náà sínú gálọ̀n, ẹ ti háídírómítà bọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan bí 1.046 ló yẹ kó kà. Ẹ dé gálọ̀n, ẹ mì ín tìjà-tìjà fún ìṣẹ́jú méjì, nítorí yíìsì nílò afẹ́fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wọ́n yíìsì sí i lórí, ẹ fi airlock dé e, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn, tí kò gbóná ju 20°C lọ, tí kò sì tutù ju 18 lọ.

Kó tó di ọ̀la, ẹ ó máa gbọ́ ọ, gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́rin, ohùn náà á rọlẹ̀. Ẹ má ṣí i wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń fún un. Nígbà tí háídírómítà bá ka nǹkan bí 1.010 lónìí, tó tún ka bákan náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, yíìsì ti jẹun tán. Ọtí inú rẹ̀ á jẹ́ bí ìdá 4.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí nọ́ńbà náà bá ṣì ń rọ̀ sílẹ̀, ẹ ní sùúrù. Bíà tí wọ́n kánjú rọ sí ìgò máa ń fọ́ ìgò, àfọ́kù ìgò ò sì mọ ojú ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: wíwọn òórùn

Ibí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ to ife mẹ́rin, ẹ bu bíà mílílítà 50 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sìríǹjì kán omi fódíkà olú sí wọn: ife kìíní kò gba nǹkan kan, ìkejì gba 0.25, ìkẹta gba 0.5, ìkẹrin gba 0.75. Ẹ fi àwo tíì dé wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ òórùn wọn kẹ́ ẹ tó tọ́ wọn wò. Ẹ pe ẹnì kan tí kò mọ èyí tó wà nínú èwo kó yàn fún yín. Ìyàwó mi ló ń yàn fún mi, kì í mutí púpọ̀, imú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ.

Ẹ má yan èyí tí olú ti ń pariwo nínú rẹ̀. Bíà tó wà nínú ife yín lásìkò yìí kò tíì ní afẹ́fẹ́. Nígbà tó bá ní in, afẹ́fẹ́ á gbé òórùn sókè sí i. Èyí tẹ́ ẹ ní láti wá kẹ́ ẹ tó rí ni kẹ́ ẹ mú. Ife ìkẹta la sábà máa ń mú nílé wa. 0.5 nínú 50 túmọ̀ sí mílílítà 10 fún lítà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú fódíkà náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sí fíríìjì de ìgbà míì.

Ìgbésẹ̀ keje: rírọ sí ìgò

Bíà tó bá kù sókè gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á tó lítà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ṣúgà gíráàmù 6 fún lítà kọ̀ọ̀kan, ẹ sè é pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sínú ìkòkò tó mọ́ pẹ̀lú fódíkà olú tẹ́ ẹ ti wọ̀n. Ẹ fi rọ́bà fa bíà lé wọn lórí jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kó máa ta sókè, kẹ́ ẹ sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò bíà tó nípọn, ẹ dé e pa. Bí ìgò mẹ́wàá ni yóò jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá, kí wọ́n tó wọ fíríìjì.

Bó bá jẹ́ òórùn màpù lẹ fẹ́

Ìhà àríwá California ní olú kékeré kan, candy cap, Lactarius rubidus, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà pátápátá sí ti chanterelle. Tútù rẹ̀ kò rùn tó bẹ́ẹ̀. Gbígbẹ rẹ̀ ló ń di oyin igi màpù, nítorí ìgbà tó bá ń gbẹ ni sotolon ń jáde, òórùn kan náà tó wà nínú hulba tí àwọn abiyamọ ń mu. Ẹ rà á ní gbígbẹ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí àwọn olú kékeré tó jọ ọ́ pọ̀. Gíráàmù 5 tó fún lítà mẹ́rin, ẹ jù ú sínú ìkòkò nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bíà aláwọ̀ dúdú díẹ̀, tí mọ́ọ̀tì rẹ̀ ti yan, ló bá a mu. Ẹ ò nílò fódíkà nínú tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì kó o jù, màpù á fò di kọ́rì, ara yín náà á sì máa rùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ bá làágùn. Ní ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ ọjọ́ Monday kan, ẹnì kan tó jókòó tì mí ń wò káàkiri, ó ń wá ẹni tó gbé páńkéèkì wọlé. Mo dákẹ́.

Àwọn ará ilé ti ń bi mí bóyá olú orí ọ̀gán lè ṣe é. Èmi ò ní fi ṣe é. Adùn bí ẹran tó ní ló fi wúlò, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ló sì yẹ ẹ́. Òórùn èso tí à ń fi gbogbo wàhálà yìí lé kò sí lára rẹ̀. Olú oko tí wọ́n ń gbìn tà náà, ilẹ̀ òjò nìkan ló máa fún yín.

Mímu rẹ̀

Mo mọ̀ pé bíà tó tutù bíi yìnyín la fẹ́ràn níbi ayẹyẹ. Ẹ má ṣe é fún èyí. Bó bá tutù jù, òórùn rẹ̀ á sùn. Ẹ yọ ọ́ nínú fíríìjì ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kó tó nǹkan bí 10°C, ẹ da á sí ife ẹlẹ́nu gbígbòòrò, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nídìí ìgò. Súyà àti àsun á pa á, torí ata ò ní jẹ́ kí ẹnu gbọ́ nǹkan míì. Iṣu sísun lásán ló bá a lọ jù lójú tèmi. Kẹ́ ẹ mu gbogbo rẹ̀ tán láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, kí òórùn èso náà tó lọ. Èyí tí mo pọn lóṣù kẹwàá tó kọjá, mo gbé ìgò kan fún àbúrò mi ọjọ́sí. Ó mu ún dé ìdajì kó tó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, máńgòrò ibo lẹ rí ra?"